Ìjọba Tí Mo Kéde ní Abà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀rọ̀ kan ló kó àwọn ará abà ẹ̀gbọ́n mi jọ síwájú mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì tú wọn ká. Ọ̀rọ̀ náà ni ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ìkánjú sọ.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ̀. Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Abà rẹ̀ wà lápá ibi tí oko àwa ará Ìsẹ̀ ti ń kan ti àwọn ará Emùré. Tí èèyàn bá ti yà kúrò lójú títì, ọ̀nà tóóró kan ni yóò máa tọ̀ lábẹ́ igi kòkó títí yóò fi gbóòórùn gàárì tí wọ́n ń yan. Tí o bá ti gbóòórùn gàárì, o ti dé nìyẹn.

Mo kéré nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi. Òun ni kò lọ ilé-ìwé kí èmi lè lọ. Kò fi èyí gún mi lára rí, àfi tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Á ní, "Ẹ wò ó, èmi ni mo lọ oko kí eléyìí lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jù." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti gba Olúwa gbọ́, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. N kò ní sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó gùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbàgbọ́ ni ọkàn mi ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe pé kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un ní kékeré bíi ti gbogbo wa, ó sì ní orúkọ ìrìbọmi tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Bí ìkórè bá dé, á ru iṣu tó tóbi jù nínú àká rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á jó, á padà sí abà, ó di ọdún mìíràn. Gbogbo agbègbè wa, bí ọ̀pọ̀ ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹni tí wàá wàásù fún tí kò ní sọ fún ọ pé onígbàgbọ́ lòun. Ohun tí mo fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ó mọ Olúwa bí ó ṣe mọ̀ mí. Mo fẹ́ kí ibi tí èmi ń lọ lẹ́yìn ayé yìí jẹ́ ibi tí òun náà ń lọ. Ẹni tó gbé mi sẹ́yìn la odò kọjá nígbà tí n kò lè dá rìn, báwo ni mo ṣe fẹ́ dé èbúté kí n má rí i?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wàásù ní abà rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Ẹni tí kò sí ní ilẹ̀ wa nígbà yẹn kò lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó. Àwọn arúgbó ń jó lójú títì. Níbi gbogbo tí èèyàn bá yà sí, ní ọjà, ní ilé-ìwé, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìjọba tuntun. Ìjọba tuntun á da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Ìjọba tuntun á fa iná. Adó ti di olú-ìlú, tiwa náà á dé.

Èmi kò ronú kan èyí rárá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi múra ìwàásù mi sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, mo jẹun ọ̀sán tán, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di abà. Mo dúró láàárín agbo ilé, mo gbé ohùn sókè bí a ṣe kọ́ wa:

"Ẹ̀yin ará mi, mo wá kéde ìjọba tuntun fún yín!"

Ẹ wá wo eré! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi gàárì sílẹ̀ lórí iná. Àwọn ọkùnrin tó ń gún iyán fi ọmọ odó sílẹ̀ nínú odó. Ẹnì kan tó ti ń lọ wa ẹ̀gẹ́ sáré padà wá tòun ti àdá. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló wọ́ àga gbọọrọ jáde, tó ń fọwọ́ júwe ibi tí kálukú máa jókòó sí. Àyà mi kún. Mo wí lọ́kàn mi pé, Olúwa, ìkórè ti pọ́n báyìí?

Ọkùnrin kan béèrè pé, "Tíṣà, ujọba ọ̀ún, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí?"

Àwa ará ibẹ̀, bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ulé ni ilé wa, uṣu ni iṣu wa.

Mo ní, "Ó ti sún mọ́ tòsí. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ọ̀nà ńkọ́?"

Èmi náà rò pé Ẹ̀mí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọ̀nà rẹ̀ tóóró."

Wọ́n wo ara wọn lójú. "Tóóró kẹ̀? Báwo ni mọ́tò ṣe máa gbà á?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ fi ti ọ̀nà sílẹ̀. Omi ńkọ́?"

"Hẹ̀n-ẹ́n!" ni mo wí. "Ẹni tó bá mu omi ibẹ̀, òùngbẹ kò ní gbẹ ẹ́ mọ́ láéláé."

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ omi nìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n rì í sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná gàárì. Ẹni tó mú àdá dání wá béèrè ìbéèrè tó bà mí jẹ́:

"Sọ́jà wo ni wọ́n gbé wá ṣe olórí ẹ̀?"

Mo ní, "Kì í ṣe sọ́jà. Jésù ni."

Mo gbọ́ bí gàárì ṣe ń jó lórí iná. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ gbà mí o! Ujọba ọ̀run ni àbúrò mi ń polówó, ẹ̀yin ń bá a ná ọ̀dà!" Ìyàwó rẹ̀ pariwo gàárì rẹ̀, ó sáré. Ọmọ odó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kí n tó ṣí ojú ìwé tí mo fẹ́ kà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù lórí àga, òun náà sì ń nu omijé ẹ̀rín.

Ó ní, "Má bínú, Tíṣà. Wá jẹun."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Ujọba. Bí wọ́n bá ti gbúròó kẹ̀kẹ́ mi lábẹ́ kòkó, ẹnì kan á kígbe, "Ujọba ti dé o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá kí mi.

Ìkíni yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n máa ń kí mi! Tí wọ́n bá bú mi, tí wọ́n lé mi, mo mọ ohun tí Ìwé Mímọ́ ní kí n ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bú mi rí. "Ẹ kú uṣẹ́, Tíṣà." "Ẹ kú làálàá." "Ẹ kú oòrùn." Bí mo bá wàásù nínú òjò, "Ẹ kú òjò." Bí mo bá sọkún níbi tí mo ti ń wàásù, mo sì ti sọkún rí, "Ẹ kú ìnira." Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á tẹjú mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó. Ọ̀rọ̀ mi á máa kọjá lókè orí wọn bí atẹ́gùn ṣe ń gba orí ewé kòkó kọjá. Tí mo bá ṣe àmín, wọ́n á bá mi ṣe àmín, àmín tó dún ketekete. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ohun tí mo sọ, wọn ò ní lè sọ ọ́.

Mo yí ọwọ́ padà. Mo fi èdè ìwé sílẹ̀, mo fi èdè wa wàásù, wọ́n ní ó dùn létí, wọ́n ní kí n tún pe ọ̀rọ̀ kan bí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe ń pè é kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mo kọrin, wọ́n gbè é. Orin tán, wọ́n dìde lọ. Mo bá wọn kọ ebè kí n lè bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ebè mi wọ́, wọ́n ní kí n lọ jókòó síbi òjìji, kí n máa wàásù láti ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í dìde ní tirẹ̀. Òun ló ń jókòó tì mí títí n ó fi parí. Ẹ má rò pé ó ń gbọ́. Mo ti fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó jókòó nítorí pé àbúrò rẹ̀ ni mí, tí kò sì fẹ́ kí n máa bá àga sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Àánú mi ló ń ṣe é.

Nígbà kan, àlùfáà tó ń bójú tó àwa oníwàásù láti Ìkẹ́rẹ́ pè mí. Ó ní, "Tíṣà, abà yẹn kò so èso. Ẹ jẹ́ kí á gbé yín lọ síbòmíràn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, sà."

Ó ní, "Ẹ fi í sínú àdúrà."

Mo ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, sà. N kò sọ fún un pé àdúrà náà ti gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, kò ní sí ohun tó máa tẹ̀lé e. Orúkọ náà á kàn dúró gbọnrangandan nínú òkùnkùn yàrá.

Ìjọba yẹn náà, ti Adó, kò tètè dé abà. Sọ́jà lọ, òṣèlú dé. Ọ̀dà kò dé. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ ńlá kan já òpó iná sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn òṣìṣẹ́ gbé wọn wọ inú ọ̀nà abà, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí òkú, wọ́n ní wáyà ń bọ̀. Koríko bo òpó. Àwọn ará abà ń jókòó lé e nígbà tí wọ́n bá ń sinmi ẹrù. Bí mo bá ti kọjá, "Tíṣà, ti Adó kò tíì wá o. Tiyín ńkọ́?" Mo máa ń ní, "Ó ń bọ̀." Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Adó wí."

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún, títí ara ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gòkè dé ikùn. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kí á máa gbé e wá lóòrèkóòrè. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà á sí ilé mi ní Ìsẹ̀. Mo tẹ́ ibùsùn fún un ní pálọ̀, níbi tó ti lè máa rí ojú títì. Ìyàwó rẹ̀ bá a wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fa àga mi sún mọ́ ọn. Ó yí ojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"O ti rí mi mú. Ẹran tó wà nínú tàkúté, ibo ló fẹ́ sá sí? Ó yá, máa wí."

Mo wí. Lójoojúmọ́ ni mo ń wí, tí mo bá ti ti ilé-ìwé dé. N kò pariwo. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn fún ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi á máa wo òrùlé. Nígbà mìíràn á bi mí bí iṣu ebè òkè odò ṣe ń ṣe, tàbí bóyá ẹnì kan ti dé láti abà. Mo máa dáhùn, mo máa padà sí ibi tí mo dé. Mo ń retí. Mo ń wí fún ara mi pé kò sí ẹ̀gẹ́ níbí, kò sí odó, kò sí ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Tí kò bá gbọ́ níbí, kò ní gbọ́ mọ́.

Ó ní, "Àbúrò, gbé mi lọ sí abà."

Mo ní, "Ara yín kò tíì le, ẹ̀gbọ́n mi. Ọsibítù ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣe tiwọn. Gbé mi lọ."

Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, mo tún wí bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jà. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ọkọ mi," bí ó ṣe máa ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọ ilé wa. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Kò sùn mọ́. Abà ló ń wò ní òrùlé yẹn."

Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dá a padà sí abà, ìwàásù mi ti parí. Mo ro ó títí. Mo lọ háyà píkọ́ọ̀pù.

Ọkọ̀ kò lè wọ ọ̀nà abà. Níbi tí títì ti yà, àwọn ọkùnrin abà ti ń dúró, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n gbé àga lé èjìká. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn òpó iná wà nínú koríko, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, kí wọ́n sinmi.

Ó na ìka sí òpó. "Àbúrò, wò ó. Wọn kò parọ́. Òpó ni wọ́n gbé wá. Wáyà ni kò sí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tìrẹ náà nìyẹn. O kò parọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ gún, ó lágbára. Ṣùgbọ́n tí mo bá na ọwọ́, n kì í rí ohun tó so ó mọ́ mi."

Àwọn tó gbé e kò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú." Wọ́n gbé e.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo bi í ní ojúkojú, ohun tí n kò ṣe rí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbà?"

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo ní, "Kì í ṣe gbọ́ ni mo bi yín."

Kò bínú. "Mo mọ ohun tí o bi mí," ni ó wí, ó sì di ojú rẹ̀.

Mo dúró kí ó tún là á. Ó là á nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó mu, ó kí mi pé ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú! Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kú.

A sin ín sí abà. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi tún dé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Kò sí ẹni tó kígbe Ujọba. Wọ́n ti jókòó dè mí, gbogbo wọn, ọwọ́ wọn ṣófo, kò sí ẹni tó mú ọ̀bẹ tàbí ẹ̀gẹ́ dání. Mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò gbé ojú kúrò. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún púpọ̀ wá, àwọn obìnrin sì ń mi orí, wọ́n ń nu ojú. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbọ́ pé wọ́n ti ń gbọ́ mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló dìde, ó wá dì mí mú léjìká.

"Ó tó, ọkọ mi. Ẹ má sọkún mọ́. Gbogbo wa la pàdánù rẹ̀. Ẹ jókòó."

Mo jókòó. N kò mọ̀ pé mo ń sọkún. Wọ́n ti rò pé arò ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń dá. Gbogbo abà ṣe àmín, wọ́n ní ẹ kú àmúmọ́ra, wọ́n gbé iyán wá.

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Tí àlùfáà bá bi mí ìdí tí mo fi ń lọ, mo máa ń ní ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà, kò sì sí ohun mìíràn tí mo lè sọ fún un tí kì í ṣe irọ́. Mo ń wàásù, wọ́n ń kí mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìjọ bá ń kọ orin tó ní àwa àti àwọn ará wa a óò pàdé lókè, mo máa ń bá wọn kọ ọ́ dé ibẹ̀, n ó sì pa ẹnu mọ́. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé ẹsẹ̀ orin yẹn ni n kò mọ̀. Ẹnì kan a máa na ìwé orin tirẹ̀ sí mi, á fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n dé.